Ìwé Ìdánilójú Ládòkun Bíríkìlà

Àléébù kan ṣoṣo ni Ládòkun bíríkìlà ní, ṣùgbọ́n ó tó láti pa á lára: ìlérí yá a lẹ́nu ju iṣẹ́ lọ. Bí ẹ bá ní kí ó kọ́ ilé ìdáná fún yín, pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni yóò ṣèlérí. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. Ìsẹ́yìn ló ti kọ́ ọ lábẹ́ ọ̀gá tó le. Ọ̀lẹ àti ojúkòkòrò ló pawọ́ pọ̀ ba iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1977, ilé kíkọ́ gbòde ní Ṣakí. Yàrá ẹbí ti sú àwọn tí wọ́n lé bọ̀ láti Gánà, kálukú ń wá ilé tirẹ̀. Ládòkun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tà. Kí àwọn oníbàárà má baà lọ sọ́dọ̀ bíríkìlà mìíràn, ó gbé ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí jáde: ìwé ìdánilójú. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí páálí tó nípọn, ó fi àwòrán ara rẹ̀ sókè, ó lu òǹtẹ̀ pupa sísàlẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé: "Bí ilé yìí bá wó kí ọdún mẹ́wàá tó pé, èmi Ládòkun ni n ó tún un kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́."

Ká sòótọ́, páálí náà le ju búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń yọ ọgbọ̀n búlọ́ọ̀kù, ọgọ́ta ni Ládòkun ń fi yọ. Yanrìn ló fi ń dí àlàfo.

Àsíátù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Mọ́ládé, wà lára àwọn tó rà. Ogún ọdún ló fi ta aṣọ ní Kùmásí, síbẹ̀ nígbà tó padà wálé, ẹ̀gbẹ́ òkìtì iṣu ni ó ń sùn sí nínú yàrá àbúrò rẹ̀. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n ka páálí náà sí òun létí lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ládòkun, ṣé ohun tó wà níbẹ̀ lo máa ṣe?"

"Ìyá Mọ́ládé, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Erin lè fara yún ògiri yẹn."

Obìnrin náà fi ìwé sísàlẹ̀ àpótí aṣọ, ó sì kó wọlé pẹ̀lú ìyàwó ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́. Àwọn àgbà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òjò kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni ògiri yàrá lanu láti òkè dé ilẹ̀. Aláǹgbá ń gba ibẹ̀ wọlé bí àlejò tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Ìyá Mọ́ládé mú ìwé rẹ̀, ó tọ Ládòkun lọ. Bíríkìlà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"'Wó' ni a kọ síbẹ̀, Ìyá. Ògiri yín ò wó, ó kàn lanu ni. Ilé tuntun máa ń mí."

Lẹ́yìn oṣù kan, ògiri náà wó lọ́sàn-án gangan. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ jáde lọ wẹ̀ ni. Orí ẹní tí ọmọ náà máa ń sùn lé ni búlọ́ọ̀kù ya sí. Nígbà tí Ládòkun gbọ́, ó yẹ kí ó bẹ̀bẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò jẹ́.

"Ọlọ́run ló yọ wá," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n 'ilé' ni ìwé wí. Ògiri kan kọ́ ni ilé."

Ìyá Mọ́ládé kò pariwo. Ó ká ìwé rẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ Àríyọ̀ tó ń ṣàkóso àdúgbò lọ. Nígbà tí ìránṣẹ́ Baálẹ̀ kanlẹ̀kùn, Ládòkun fúnra rẹ̀ ló dáhùn láti inú yàrá pé òun ti lọ sí Ìgbẹ́tì. Wọ́n mú un lọ.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n ka ìwé náà. Ó wá kọjú sí bíríkìlà.

"Ládòkun, ilé yìí ti wó àbí kò tíì wó?"

"Kò tíì wó, Baálẹ̀. Ó dúró digbí."

"Ṣé ó ṣì ṣeé gbé fún ènìyàn?"

Ládòkun wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ti rìn jìnnà ju ibi tó lè padà lọ. "Ó ṣeé gbé, Baálẹ̀."

"Ó dára. Kó ẹrù rẹ lọ síbẹ̀ lónìí. Ìyá Mọ́ládé á máa gbé ilé tìrẹ títí wàá fi tún ibẹ̀ ṣe, tàbí títí yóò fi wó."

Àwọn èèyàn fi aṣọ bo ẹnu. Nígbà tí Ládòkun délé, Àbíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti di ẹní kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un.

"Bàbá Ìyápọ̀, ẹ máa lọ o. Èmi kọ́ ni mo fọwọ́ síwèé."

Bí Ládòkun ṣe di ayálégbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò gbọdọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri, nítorí ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti ń bọ̀ lọ́nà, á sáré bọ́ síta. Bó bá kọjá tán, á tún wọlé. Ó yẹ kí ó ra sìmẹ́ǹtì nígbà náà, ṣùgbọ́n ó rò pé Ìyá Mọ́ládé ni ọ̀rọ̀ náà yóò kọ́kọ́ sú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ kan, òjò dé tòun ti ìjì. Ládòkun jókòó sáàárín pálọ̀ lábẹ́ agbòòrùn. Ó gbọ́ tí nǹkan dún gbàù lókè. Kò dúró mú bàtà. Bó ṣe fẹsẹ̀ kan ìta ni ògiri méjì dà wó lẹ́yìn rẹ̀, páànù sì fò lọ sínú oko ẹ̀gẹ́. Àwọn tó sá sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ń wò ó bí omi ṣe ń ro lára rẹ̀.

Baba arúgbó kan láàárín wọn rọra bi í pé, "Ládòkun, ṣé ó ti wó báyìí?"

"Ó ti wó, Baba."

Láti ìpìlẹ̀ ló ti tún ilé náà kọ́, ọgbọ̀n búlọ́ọ̀kù sí àpò kan. Kò sì tíì parí rẹ̀ tí àwọn mẹ́fà mìíràn fi mú páálí tiwọn dé. Ọdún mẹ́rin gbáko ni Ládòkun fi ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ káàkiri Ṣakí, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé iṣẹ́ tuntun fún un. Alùpùpù rẹ̀ di sìmẹ́ǹtì, oko iṣu rẹ̀ di páànù. Ìyá Mọ́ládé ní tirẹ̀ kò kúrò nílé Ládòkun títí ó fi mú ọmọ odó lọ síbi ògiri tuntun, tó gbá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì fetí sílẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe dún.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀ràn Ládòkun là wá lójú. Ẹni tó bá fọwọ́ síwèé ti fi ara rẹ̀ dógò. Kí ó rí i pé iṣẹ́ òun gbé ọ̀rọ̀ òun ró. Àṣìṣe iṣẹ́ ṣeé tún ṣe bí a bá tètè gbà pé a ṣì í. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po láti fi sá fún ẹ̀bi, inú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni wọn yóò ti mú un.