Ọkọ̀ Tó Ń Mu Epo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ kà á dé òpin o, nítorí ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àìgbọ́rọ̀-dópin ló kó bá a.

1.

Ayàwòrán kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Afínjú. Ó ní ọkọ̀ kan tó fẹ́ràn bí ojú: ọkọ̀ eré ìje, onílẹ̀kùn méjì, tó rẹlẹ̀ débi pé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ kó tó lè wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ti di bàbá àgbà. Ṣùgbọ́n bí Afínjú bá nù ún tán láàárọ̀, ẹ ó rò pé àná ni wọ́n gbé e dé.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín aláwọ̀ búlúù nídìí. Àwọn ọmọ àdúgbò bá sọ ọ́ ní Amusìgá. Ó dun Afínjú, ló bá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

2.

Mẹkáníìkì yìí kì í kánjú. Ó fa géèjì yọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe kù sí nínú ẹ́ńjìnnì. Ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló rin. Ó bu ọ́ìlì kún un, ó tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀, ó fi í sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Kò sí ẹ̀kán kan lórí páálí. A jẹ́ pé kò jò. Ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná fún ẹ́ńjìnnì, ó rí i pé méjì dúdú, ọ́ìlì sì wà lára wọn. Ó wá ta ẹ́ńjìnnì jí bó ṣe tutù. Èéfín búlúù rú jáde fùù, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró. Ó mi orí. Àwọn síìlì, ìyẹn rọ́bà kéékèèké orí ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó dá ọ́ìlì dúró, ló ti gbẹ. Ọ́ìlì ń gba ibẹ̀ wọ ibi tí iná wà, ó sì ń jóná.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Mẹkáníìkì yìí, ohunkóhun tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, epo ló ń pè é. Èyí tí wọ́n ń rọ sí tánkì, bẹntiróò ni tirẹ̀. Ó pe Afínjú lórí fóònù.

"Ọ̀gá, mo ti rí i o. Ọkọ̀ yín ń mu epo."

Afínjú bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé torí ìyẹn lẹ ṣe pè mí? Ọkọ̀ eré ìje mà ni! Èyí tí kì í mu epo, kẹ̀kẹ́ ni."

"Rárá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ẹ fi í sílẹ̀ kí n pààrọ̀..."

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ó ti yé mi, ẹ̀gbọ́n. Mò ń bọ̀ wá gbé e."

Nígbà tó dé, mẹkáníìkì ti lọ ra àwọn síìlì náà. Afínjú gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń rọ bẹntiróò kún tánkì dé ẹnu. Mẹkáníìkì ń pè, kò gbé e. Ó ní ọkùnrin náà ti fẹ́ràn àròyé jù.

3.

Nǹkan funfun ti bo ojú méjèèjì ìyá Afínjú. Dókítà ojú kan wá láti ọ̀nà jíjìn, ó sì gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kó tó padà. Bí ìyá bá pàdánù ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí òmíràn máa dé. Afínjú ní ọkọ̀ òun ni yóò gbé ìyá òun lọ.

"Ọmọ mi, ṣé ilẹ̀ lo ní kí n jókòó sí ni?"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ẹ ó gbádùn ẹ̀."

Wọ́n ń gun òkè kan nígbà tí iná kékeré kan tàn níwájú Afínjú.

"Kí ló ń pọ́n níwájú ẹ yẹn?" Ìyá tí kò rí ojú ọmọ rẹ̀ mọ́, ó rí iná pupa!

Afínjú wo ìwọ̀n tánkì. Ó kún. "Epo wà, Màmá. Irọ́ ló ń pa." Ó tún tẹná mọ́ ọn.

Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbì-gbì-gbì bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, gbàà! Táyà ẹ̀yìn há, ọkọ̀ dúró gbagidi láàárín títì, tírélà sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Èéfín ti ń wọ awakọ̀ tírélà lójú láti ìsàlẹ̀ òkè, ìdí nìyẹn tó fi fà sẹ́yìn. Ó tẹ bíréèkì, tírélà ké, ó sì dúró. Ó bọ́ sílẹ̀ tìbínú-tìbínú. Bó ṣe rí arúgbó tó ń gbọ̀n, ìbínú rẹ̀ rọ̀.

"Ìyá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé ìwòsàn ni, ọmọ mi. Wọ́n fẹ́ ṣe ojú mi."

"Ó yá, ẹ jẹ́ n gbé yín sókè."

Ó gbé e sórí ìjókòó tírélà bí ọmọ titun. Nílé ìwòsàn, àwọn ni wọ́n pè gbẹ̀yìn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n pè wọ́n.

4.

Mẹkáníìkì ló lọ fa ọkọ̀ wálé. Irin inú ẹ́ńjìnnì ti lu ìhà rẹ̀ jáde, irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò sì sí níta mọ́.

"Ṣùgbọ́n tánkì kún, ẹ̀gbọ́n!"

"Tánkì kẹ̀? Ọ̀gá, epo inú ẹ́ńjìnnì ni mo sọ!"

Afínjú káwọ́ lérí. Mẹkáníìkì ì bá fi í ṣẹ̀sín. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà láyè. Nǹkan kan ò ṣe wọ́n."

"Ẹ dúpẹ́ nígbà náà. Irin lèyí."

Nígbà tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú ìyá, ó tẹjú mọ́ ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ pa á lórí. "Ewú ti bo orí ẹ báyìí, o ò sì sọ fún mi?" Afínjú dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ó sunkún, ó ń dúpẹ́ títí nọ́ọ̀sì fi gbé e dìde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣe bíi tirẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń délé. Bí ẹni tó mọṣẹ́ bá ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Bó bá ní epo, ẹ bi í pé epo wo. Bí iná pupa bá tàn, ẹ dúró. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.