Ọkùnrin Tó Ń Jẹ Bítírúùtù ní Ìkọ̀kọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá pa á tì, torí òpin rẹ̀ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín, ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀. Kí ẹ sì wo àwọ̀ rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó da omi sí i. Mò ń dúró dè yín.

1.
Ní ìlú wa ní Poland, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pa aṣọ láró pọ̀ nígbà kan. Àwa tí a dàgbà síbẹ̀ rántí pé odò máa ń jẹ́ búlúù lọ́jọ́ Ajé, á di pupa ní Ọjọ́bọ̀, òjò dídì á sì máa bọ́ lé e lórí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Bogumił ló ń ka iye àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ bá mú nílùú náà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe é. Lọ́dọọdún, á fi pẹ́ńsùlù kán àmì méjì sórí bébà gígùn tó lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ọ̀kan fún àpò ìtọ̀, ọ̀kan fún kíndìnrín, á sì fi rúlà so wọ́n mọ́ ti èṣí. Ìlà àpò ìtọ̀ gòkè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àwọn ilé aró ti kógbá sílé, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti jáwọ́ nínú sìgá, ó dúró fún ìgbà pípẹ́, ó wá ń sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ti kíndìnrín ṣì ń gòkè, apá kan torí pé ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ti ń rí i nígbà tó ṣì kéré.

Bogumił fẹ́ràn ìlà tó ń sọ̀kalẹ̀ yìí. Tó bá jẹun ọ̀sán tán, á gbórí lé tábìlì, á sì lá àlá pé òun ń rìn lórí rẹ̀, nínú òjò dídì tó rọ̀ bí òwú, ó ń lọ sísàlẹ̀, kò rẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò pè é.

"Kò ní pẹ́ kanlẹ̀," ló máa ń sọ fún Sabina, obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

"Ọ̀gá, sìgá ẹnu yín ńkọ́?"

"Ìlà ń sọ̀kalẹ̀, Sabina. Má dí i lọ́wọ́."

Ọdún mẹ́rin ni òun náà fi ro aró ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kó tó lọ sílé ìwé. Ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ìjábọ̀ lọ́dọọdún pé àrùn yìí lè dúró de ẹni tó bá fọwọ́ kan irú aró bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́ dáadáa. Kò kàn ka iye ọdún tó ti kọjá lórí tara rẹ̀ ni.

2.
Lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà tí ewé igi ń rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ pupa. Kò dùn ún. Ìyàwó rẹ̀, Leokadia, rí i nínú àwo ilé ìtọ̀.

"Bàbá Irenka, kí lèyí?"

"Ọbẹ̀ bítírúùtù ẹ ni."

"Ogójì ọdún ni mo ti ń se é. Kò pa ọ́ láró rí."

"Tọdún yìí lágbára. Oko tèmi ló ti wá."

"Lọ rí dókítà."

"Kí n lọ sọ fún un pé mo jẹun?"

Ẹ má bú u. Bítírúùtù jẹ́ gbòǹgbò tó pupa bí ẹ̀jẹ̀, àwọn kan sì wà tí wọ́n máa ń tọ pupa lóòótọ́ lẹ́yìn ọbẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí irọ́ náà rọrùn láti gbé.

3.
Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún Àjíǹde bẹ̀rẹ̀, Leokadia kó gbogbo bítírúùtù kúrò nílé.

"Ogójì ọjọ́, kò sí pupa lórí tábìlì. Tí mo bá tún rí pupa níbòmíì, dókítà ni."

"Mo gbà."

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ bí omi ẹ̀rọ. Ó ń súfèé káàkiri ilé. Ní ọjọ́ kẹwàá, ní ọ́fíìsì, ó tún pupa.

Ó dúró, ó ń wò ó, ó jọ odò Ọjọ́bọ̀ ìgbà èwe rẹ̀. Ó wá wọ kóòtù, ó lọ ra ìgò bítírúùtù rírin kan, ó padà wá tilẹ̀kùn, ó fi ṣíbí jẹ ẹ́ tán. Ebi ò pa á. Ó kàn fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ tí òun bá sọ pé bítírúùtù ni. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ààwẹ̀ fi parí.

4.
Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, Sabina ń wá rúlà. Ó ṣí dúróò ọ̀gá rẹ̀, ó bá àwọn òfìfo ìgò bítírúùtù níbẹ̀.

"Ọ̀gá, Ìyá Irenka ní ẹ̀ ń gbààwẹ̀ bítírúùtù."

"Ebi ló pa mí."

"Ìgò mọ́kànlélọ́gbọ̀n?"

Ọ̀gá ti dúróò náà pa.

"Kí lẹ máa ń kọ sísàlẹ̀ ìjábọ̀ wa lọ́dọọdún?"

Ó kà á bí ọmọ ilé ìwé: "Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ì báà má dùn ún, kó lọ ṣe àyẹ̀wò."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

Sabina mú kóòtù rẹ̀ wá, ó bá a wọ̀ ọ́.

5.
Dókítà rọra sọ̀rọ̀. "Bàbá, ká ní ẹ wá nígbà tí ẹ kọ́kọ́ rí i, ó ṣeé ṣe ká ha jẹjẹrẹ náà kúrò, kí ẹ sì máa lọ sílé." Àrùn náà ti wọnú ẹran àpò ìtọ̀ lọ, ó sì ti dí ọ̀nà kíndìnrín òsì títí ìyẹn fi kú. Wọ́n yọ àpò ìtọ̀ náà àti kíndìnrín yẹn. Wọ́n so àpò oníke mọ́ ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ kí ìtọ̀ lè máa dà sí i.

Nígbà tí ọdún yí po, ó wá sí ọ́fíìsì, ó ti rù, kóòtù ti tóbi jù fún un. Sabina ka iye náà. Bogumił kán àmì, ó fa ìlà.

"Ṣé mo wà nínú ẹ̀?"

"Ẹ wà nínú ẹ̀, ọ̀gá."

Ó wò ó pẹ́. "Síbẹ̀ ó sọ̀kalẹ̀," ló wí.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, Sabina ló dá kán àmì ti ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ìkìlọ̀ mi nìyí. Bí àrùn bá ń dínkù nílùú, ìlú ló ń dínkù fún. Ìlà ara ògiri ò mọ orúkọ yín. Ọjọ́ tí ẹ bá rí pupa, ẹ má bi ọbẹ̀, ẹ bi dókítà, lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ má sì fi ṣíbí bọ́ àwáwí yín.

Leokadia ṣì ń se ọbẹ̀ náà ní Sátidé. Ó ní ọbẹ̀ kọ́ ló ṣẹ òun.