Bàtà Ìsáré Ọláyíwọlá

Olútóyìn di bàtà ìsáré ọkọ rẹ̀ mọ́ àyà. Kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Ọláyíwọlá dúró sẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà, ó ń mí tìbínú-tìbínú. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Dókítà ní eré ìdárayá lè dá agbára ọkùnrin rẹ̀ padà, ó sì ti ń padà lóòótọ́.

Màmá rẹ̀, tó wá kí wọn ní Ìgàndó láti Èkìtì, pòṣé.

"Ìyàwó, irú obìnrin wo ni ẹ́ gan-an? Ọkọ ẹ ń wá ìlera, o wá ń gba bàtà mọ́ ọn lọ́wọ́. Àbí o fẹ́ kó máa sùn gbalaja bí igi ni?"

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, Màámi."

"Orí ẹ ò pé."

Olútóyìn nawọ́ sí àwọn ọmọ méjì tó ń mu ògì, tí wọ́n fẹ́ lọ síléèwé.

"Ẹ̀yin náà lẹ kó wọn wá bá mi. Ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí wọn fún ọmọ yín, nígbà tí agbára yẹn ṣì wà. Ọjọ́ tí agbára náà lọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sùn nílé."

Ọláyíwọlá wolẹ̀.

Màmá gba bàtà náà, ó tì í sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé e.

"Ìyàwó, bu ògì tèmi wá."