Ẹni Tí A Ó Pè

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà Ìbàfò sì ti jókòó sínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti aago méje àárọ̀. Orí àga àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n jókòó sí, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin, tí orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé, mọ́tò ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn àgbà yóò máa gbé oògùn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, títí àrùn kòrónà yóò fi lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá wọlé yóò máa wo mọ́tò náà bó bá ń kọjá.

Ọ̀gá Adébánjí Bádéjọ, olórí ètò náà, dé ní aago mọ́kànlá. Wọ́n ti so àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri. Ojú rẹ̀ tóbi ju ọ̀rọ̀ "Ààbò Àwọn Àgbà" tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Garawa ìfọwọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn, kò sí omi nínú rẹ̀. Ọ̀gá fa ìbòmú rẹ̀ sí àgbọ̀n kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní iṣẹ́ arúgbó báyìí ni kó jókòó sójú kan, kó má kó àrùn ran àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun fúnra òun jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ó ṣì ku ọdún mẹ́ta kí òun fẹ̀yìn tì, ara òun sì le koko. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Irun orí rẹ̀ dúdú bíi bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó di tábìlì mú kó tó lè jókòó.

Stella, akọ̀wé ètò náà, ló ń bójú tó fọ́ọ̀mù. Ojú ìwé méjì ni fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, bébà kábọ̀n tó ń tẹ ẹ̀dà wà láàárín wọn: ti òkè ń lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá kó buwọ́ lù ú, ẹ̀dà ìsàlẹ̀ ń dúró nínú ìwé ńlá. Ọ̀pọ̀ àgbà kò ní ìwé ọjọ́ orí kankan. Bàbá Ṣàràfá, mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì, ní òun ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́dún òmìnira. Ọ̀gá buwọ́ lù ú, kò gbójú sókè. Alhaja Mùnírátù ní kí wọ́n ka eyín tó kù lẹ́nu òun. Ọ̀gá buwọ́ lù ú.

Ẹni tó kàn ni Àjíbíkẹ́ Ọládélé, opó tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọdé níwèé. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ní òun lè kọ ti òun, Stella sì fún un ní báírò. Ó kọ ọ́ dé àyè ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí a ó pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà, ìbátan, àti ọjọ́ orí, kí wọ́n má baà lọ pe arúgbó fún arúgbó. Stella fa ojú ìwé òkè ya láìkà á, ó gbé e síwájú Ọ̀gá.

Tíṣà kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì lórí sìmẹ́ǹtì. Láti àárọ̀, kò sí àgbà kan tó kúnlẹ̀ fún Ọ̀gá.

"Tíṣà, dìde jàre," ni Alhaja Mùnírátù wí. "Ṣé torí oògùn lo ṣe ń kúnlẹ̀ fún irú àbúrò ẹ?"

Tíṣà kò dìde. Ó yọ ike òrí kékeré kan nínú báàgì rẹ̀.

"Ẹ máa fi pa orúnkún," ló sọ fún Ọ̀gá. "Òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Ẹnì kan lẹ́yìn ní rìbá tí tíṣà lè rà kò ju òrí lọ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fi ìdí báírò ti ike náà sẹ́yìn. Ó mú gíláàsì ojú jáde, èyí tí kò lò láti àárọ̀, ó sì ka fọ́ọ̀mù náà dé ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ kọ eléyìí?"

"Wọ́n béèrè ni, sà."

Ó ká fọ́ọ̀mù náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ inú àpò. Ó kéde pé Màmá kò tíì tó ọjọ́ orí. Tíṣà na káàdì ìrìbọmi rẹ̀ sí i, èyí tí wọ́n kọ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ifọ̀. Ó fi hàn pé ó ti pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ọ̀gá kò gbà á. Ó ní ẹnikẹ́ni lè lọ tẹ irú rẹ̀ ní Mòwé, pé àwọn tó ń parọ́ ọjọ́ orí ló ba orílẹ̀-èdè yìí jẹ́.

"Ẹ mọ̀ pé mo tó," ni Tíṣà wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ẹ jẹ́ kí n fa igi lé ìsàlẹ̀ yẹn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ku ti ọjọ́ mẹ́wàá."

"Ẹni tó kàn," ni Ọ̀gá wí.

Mọ́tò ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí wọ́n sọ pé yóò bẹ̀rẹ̀. Ó kọjá níwájú ilé Tíṣà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún òfin náà, Alhaja Mùnírátù pe ọ́fíìsì ètò náà. Ó ní Tíṣà ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò lè sọ̀rọ̀. Oògùn rẹ̀ ti tán tipẹ́. Ilé ìwòsàn sì ní àwọn kò ní gbà á wọlé àfi kí ẹbí rẹ̀ kan wá fọwọ́ síwèé. Stella ṣí ìwé ńlá náà. Ọ̀gá jókòó lódìkejì yàrá, ìbòmú rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ó ń ka ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lórí rédíò lọ́la. Ẹ̀dà náà hàn ketekete, nítorí Tíṣà máa ń tẹ báírò mọ́lẹ̀ bó bá ń kọ̀wé.

Kò kọ orúkọ kankan sí àyè ìsàlẹ̀, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ọdún mọ́kànléláàádọ́rin" nìkan ló kọ síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan, Stella sì tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù ọ́fíìsì, fóònù Ọ̀gá Bádéjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí tábìlì rẹ̀.