Eléjò àti Kọ́kọ́rọ́ Inú Ẹja Gbígbẹ

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀lẹ. Bó bá jẹ́ pé ọ̀lẹ lásán ni, n kì bá tí fi ìwé ṣòfò lórí rẹ̀. Èyí tó burú ni pé bí ìmẹ́lẹ́ rẹ̀ bá ti bímọ, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló máa ń gbé ọmọ náà pọ̀n sí.

Òǹkọ̀wé ni. Ìtàn ejò abìyẹ́ kan tó jọba lórí ìlú inú ìkùukùu ló sọ ọ́ di olókìkí, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Eléjò. Ìwé kìíní àti ìkejì ti jáde. Ìwé kẹta, tí yóò sọ bóyá ejò náà kú tàbí kò kú, ló kù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, Eléjò máa ń kọ lẹ́tà sí àwọn òǹkàwé rẹ̀ láti sọ ibi tí iṣẹ́ dé.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ kò dé ibì kankan. Eléjò ti wú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn, èyí tó ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, ó sì bá géèmù ìgbà èwe rẹ̀ nínú rẹ̀. Géèmù náà kò ní àwòrán kankan. Ọ̀rọ̀ ni yóò fi sọ fún ọ pé o wà nínú yàrá kan, ìwọ náà yóò sì tẹ ohun tí o fẹ́ ṣe. Bí o bá ṣìṣe, yóò dá ọ lóhùn pé, "O kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ níbí." Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, Eléjò ń gbé fìtílà, ó ń ká okùn, ó ń wá bí yóò ṣe la ẹja gbígbẹ kan nínú géèmù náà, ó ń bá adènà onímú mẹ́ta fa ọ̀rọ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń ya àwòrán inú àwọn ìwé náà. Ó ti ya ti ìwé kẹta tán láti ọdún tó kọjá, ogójì àwòrán, gẹ́gẹ́ bí àwọn méjèèjì ṣe jọ fẹnu kò. Ó gbé wọn wá nínú páálí, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ejò wa ńkọ́?"

"Ìwádìí ni mò ń ṣe. Má dí mi lọ́wọ́."

"Ìwádìí wo? Ẹ ti ń la ẹja yẹn láti oṣù kẹta."

"Kọ́kọ́rọ́ ló wà nínú ẹ̀. Kò lè yé ẹ."

Nígbà tí ọjọ́ lẹ́tà pé, Eléjò kọ̀wé pé, "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti parí tèmi. Ayàwòrán wa ni kò tíì parí tiẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Lẹ́yìn gbólóhùn mẹ́ta yìí, ó fi ojú ewé mẹ́rin yin géèmù àtijọ́ náà. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ adùn. Ó ní kí oníkálukú wá géèmù náà rí kó ṣe é. Oṣù méje gbáko ló fi kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Àwọn òǹkàwé kò bẹ àbúrò rẹ̀, èébú ni wọ́n ń bù ú. Ẹnì kan fi páálí pẹ́ńsùlù ránṣẹ́ sí i, ó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé, "Bóyá tìẹ ló ti tán." Ilé ìwé kan tó fẹ́ kó ya àwòrán inú ìwé àwọn ọmọ wọn sì ní àwọn ò ṣe mọ́.

"Wọ́n ní mi ò kì í parí iṣẹ́," ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ kọ òótọ́ sínú lẹ́tà tó ń bọ̀."

"Wọ́n á gbàgbé. Àbúrò mi mà ni ẹ́. Bí mi ò bá gbé e lé ẹ lórí, ta ni kí n gbé e lé?"

Àbúrò rẹ̀ gbé páálí àwòrán rẹ̀, ó kọrí sí ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, wo ogójì àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá pe Eléjò lórí fóònù. "Ní Sátidé, ẹ máa ka orí kìíní ìwé kẹta fún àwọn èèyàn ní ilé ìkàwé. Ẹ ní ẹ ti parí ẹ̀, àbí?"

Ọjọ́ méjì ló kù. Ẹni tí kò gbin nǹkan, oko olóko ló ń wò. Eléjò ṣí géèmù, ó dà á kọ pátápátá. Ibi tó bá ti rí "ìwọ", ó fi "ejò" sí i. Bí ejò ṣe wá ń gbé fìtílà nìyẹn, láìní ọwọ́.

Gbọ̀ngán kún ní Sátidé. Eléjò ṣí ìwé rẹ̀, ó kà á pé, "Ejò wọ ilé ìdáná. Ó rí ẹja gbígbẹ kan lórí tábìlì."

"Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ẹ̀," ni nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì wí láti ìlà iwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mọ́mì, ẹ jẹ́ n kà á."

"Mi ò dí yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà lẹ ní ká lọ ṣe é. Oṣù méjì ni mo fi jókòó ti ẹja yẹn."

Eléjò yára ṣí ewé mẹ́wàá kọjá. "Adènà onímú mẹ́ta dìde..."

"Fún un ní àlùbọ́sà," ni nǹkan bí ogún èèyàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi lẹ́tà méje kọ́ gbogbo òǹkàwé ní ibi tó ti máa jalè. Eléjò ká ìwé rẹ̀, ó sáré lọ sídìí ilẹ̀kùn, ó tì í. Kò ṣí. Ó fi èjìká tì í.

Gbogbo gbọ̀ngán ké pé, "O kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ níbí."

"Ẹ fà á," ni nọ́ọ̀sì wí.

Kó tó fà á, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ti dì í lápá mú. Wọ́n to ogójì àwòrán náà sórí tábìlì, pẹ̀lú ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ parí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bú u kò lè gbójú sókè. Ilé ìwé yẹn ránṣẹ́ pè é padà lọ́jọ́ Ajé. Ní ti Eléjò, ilé ìtẹ̀wé gba lẹ́tà oṣooṣù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún àbúrò rẹ̀. Yàrá kékeré kan tí kò ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi Eléjò sí, kó máa fi ọwọ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí òǹkàwé kọ̀ọ̀kan, kó tó padà sídìí ejò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kò sì jẹ́ kó wá ohun ìkọ̀wé kiri. Páálí pẹ́ńsùlù yẹn ló gbé fún un.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí iṣẹ́ bá há sí ọ lọ́wọ́, sọ pé ọwọ́ rẹ ló há sí. Má ṣe gbé e ru ẹni tí kò ní ibi tí yóò ti sọ tẹnu rẹ̀. Àwa tí a sì ń gba lẹ́tà àwọn ẹni ńlá, kí a máa bi ẹni tí wọ́n bá dárúkọ léèrè ọ̀rọ̀ kí a tó fi pẹ́ńsùlù ránṣẹ́ sí i. Èébú tí a bá bú aláìṣẹ̀ kò kéré sí irọ́ tó bí i.