Ìkúnlẹ̀ Ọjọ́ Ìdánwò

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí ìdánwò àṣekágbá Ìbídùn parí nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti Ìlá dé, tó sì ṣílẹ̀kùn wọlé. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé bí iná pupa bá ti tàn lẹ́nu ọ̀nà, ìdánwò ń lọ lọ́wọ́. Iná ọ̀ṣọ́ ni màmá rò ó sí.

"Ìyàwó mi, mo dé o!"

Ìbídùn kò gbójú sókè. Yunifásítì rẹ̀ kò ní ọgbà, kò ní ògiri. Dígí kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ orí tábìlì yìí ni gbogbo rẹ̀, kámẹ́rà inú rẹ̀ sì ni olùṣọ́. Bí ó bá gbójú kúrò, tàbí tó bá èèyàn sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọdún márùn-ún wọgbó nìyẹn.

Màmá dúró, ó ń retí. Ìyàwó ilé wo ló ń jókòó tí ìyá ọkọ fi ń dúró?

Ọgbọ́n kan sọ sí Ìbídùn lọ́kàn. Ó fọwọ́ méjèèjì gbé dígí náà, ó rọra kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀.

Màmá wò ó, ó wo dígí.

"Ìyàwó, ta lò ń kúnlẹ̀ fún gan-an? Èmi ni, àbí nǹkan yìí?"

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ìbídùn kò gbọdọ̀ dáhùn.