Píkọ́ọ̀pù Bàbá Fálúyì Kò Fẹ́ Gun Òkè

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, n ò sì mọ nǹkan kan nípa òkú. Ẹnu àwọn ará Ọ̀kà ni mo ti gbọ́ ìtàn yìí, wọn kì í sì í pa irọ́ tí kò bá pọn dandan.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni Samuel lọ gbé òkú bàbá rẹ̀, Bàbá Fálúyì, ní mọ́ṣúárì kan ní Ìkàrẹ́. Ọ̀gá báńkì ni Samuel ní Àkúrẹ́. Ó lè lé òṣìṣẹ́ mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ kó sì jẹun yó lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù òkú bí ọmọdé ṣe ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Àwọn ará Ùgbè kan ti wà níta, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń dúró de tiwọn. Hafsoh, obìnrin tó ń tọ́jú òkú, ká aṣọ kúrò lójú ẹni tó wà nínú pósí.

"Brọ̀dá, ṣé ẹ ti rí wọn dáadáa?"

Samuel kò bọ́ awò dúdú rẹ̀. Ó mi orí pé òun ti rí wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wá ẹnu ọ̀nà. Wọ́n kan pósí pa.

Píkọ́ọ̀pù Bàbá fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e relé ní Ọ̀kà. Ó ti pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju àwọn ìyàwó rẹ̀ lọ, kò sì jẹ́ kó gbé ẹrù ẹlòmíràn rí, ìbáà ṣe apẹ̀rẹ̀ ata. Akíndèjì, awakọ̀ rẹ̀, bá wọn gbé pósí sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Háà! Bàbá kúkúrú yìí náà ló wúwo báyìí?"

"Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló wúwo," ni Àǹtí Ìyátúndé, àbúrò Bàbá, dá a lóhùn. Ó ti jókòó ti pósí, ó tẹjú mọ́ Samuel. "Ìwọ, ìgbà wo lo wá kí i kẹ́yìn?"

Samuel sáré wọ iwájú ọkọ̀.

Nílé Fálúyì, àkọ́bí ló ń da erùpẹ̀ àkọ́kọ́ lé bàbá lórí, òun náà ló sì ń jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tó gbé òkú bá dúró lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọ̀lú, òkú ti kọ àkọ́bí nìyẹn, ọmọ tó tẹ̀lé e ni yóò bu erùpẹ̀. Ní Àkúrẹ́, Samuel, tó jẹ́ àkọ́bí, máa ń fi àṣà yìí rẹ́rìn-ín.

Wọn ò tíì jáde ní Ìkàrẹ́ tán tí ẹ́ńjìnnì fi kú. Kò rú èéfín, kò pariwo, ó kàn dákẹ́. Wọ́n dúró títí ó fi tutù, ó sì ṣiṣẹ́.

"Ọ̀kan," ni Àǹtí wí.

Nígbà tí wọ́n dé àárín òkè tó lọ sí Ọ̀kà, ó tún kú. Igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì, kò sì sí ẹni tí kò mọ irú àwọn tó ń jáde látinú igbó láyé ìsinsìnyí. Samuel yí gíláàsì ọkọ̀ sókè. Kò mọ èwo ni kó bẹ̀rù, àwọn tó wà nínú igbó ni àbí ẹni tó wà nínú pósí.

"Èjì."

Akíndèjì jẹ́ kí ọkọ̀ fi ẹ̀yìn yí wá sábẹ́ igi kan, ó wá kọ orí rẹ̀ sí Ìkàrẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn kíá.

"Ẹ rí i bí?" Àǹtí figbe ta. "Kò fẹ́ dé Ọ̀kà! Samuel, kí lo fi ṣe ẹ̀gbọ́n mi?"

"Àǹtí, n ò ṣe nǹkan kan."

"Nǹkan kan tí o ò ṣe yẹn náà ni!"

Akíndèjì ní kí wọ́n ṣí pósí, kí Samuel bẹ Bàbá lójúkojú. Àǹtí kọ̀ jálẹ̀: nílé tiwọn, wọn kì í ṣí pósí tí wọ́n bá ti kàn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́jọ́ náà tí àṣà dùn mọ́ Samuel nínú.

Ó pe Caleb, ríwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Ìkàrẹ́. Caleb gun ọ̀kadà dé, ó gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, bàbá yín ò bá yín jà. Kiránkì sẹ́ńsọ̀ ló ń bá yín jà. Òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Tó bá ti gbóná, á dákẹ́. Kọ̀ǹpútà á ní ẹ́ńjìnnì ti kú, á gé iná ẹ̀."

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà?" ni Àǹtí bi í. "Òkú là ń gbé."

Caleb tú orí bátìrì, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó fa wáyà yọ, ó tú bóòtù kan ṣoṣo, ó sì mú sẹ́ńsọ̀ jáde: nǹkan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, epo ti bò ó, ara rẹ̀ ti sán. Ó nu ojú ihò, ó fi epo díẹ̀ pa rọ́bà ara tuntun tó mú wá, ó tì í wọlé, ó dè é pa. Samuel dúró lẹ́bàá pósí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ n mú yín délé."

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ìyẹn náà tún dẹ́rù bà á.

Wọ́n gun òkè. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọkọ̀ ti kú lẹ́ẹ̀kejì, Samuel di ìjókòó mú, ó pa ojú dé. Ọkọ̀ náà gbọ̀n rìrì, bí ẹni tí wọ́n ń fipá mú, ó sì kọjá. Kò dúró mọ́ títí tó fi wọ Ọ̀kà.

Samuel ló da erùpẹ̀ àkọ́kọ́.  Nígbà tí wọ́n mú un jókòó sórí àga Bàbá, ó yọ sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ lápò, ó nà án sókè.

"Ẹ wo bàbá tó kọ̀ mí!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àǹtí náà rẹ́rìn-ín, ìrẹsì kún ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni fóònù Samuel ti dún. Hafsoh ni, láti mọ́ṣúárì.

"Brọ̀dá, àwọn ará Ùgbè fẹ́ fọ́ ilẹ̀kùn mọ́ mi lórí, bàbá kúkúrú kan ṣoṣo ló sì kù lọ́dọ̀ mi níbí, ta lẹ gbé lọ?"